Ẹni tí ń tọ́jú àmì ojú irin

Láyé àtijọ́, kí èrò Ìfọ̀nyìn tó wọ ọkọ̀ ojú irin, Sàkété tó múlé tì wá ni ọ̀nà náà gbà kọjá. Láti Kútọnu, ó gba Àjàṣẹ́ àti Sàkété dé Pobẹ̀, kìlómítà 107.

Ipa kan ṣoṣo ni ojú irin náà ní. Ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ kò lè yà fún ara wọn àfi ní ibùdókọ̀. Ọkọ̀ ojú irin kì í sì í dúró lójijì bí alùpùpù. Ìdí nìyí tí ẹ̀mí èrò fi wà lọ́wọ́ ẹni tí ń tọ́jú àmì.

Iṣẹ́ náà kò ní ariwo. Níbi tí a bá ti ń fi wáyà gígùn fa apá àmì lórí òpó, oòrùn ọ̀sán a máa mú wáyà náà gùn, òtútù òru a sì mú un sún kì. Bí a kò bá tún un fà, apá náà lè tan awakọ̀ jẹ. Nítorí náà ni òṣìṣẹ́ yìí ṣe ń rìn lẹ́bàá ojú irin tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, tí ó ń fi gírísì pa kẹ̀kẹ́ wáyà, tí ó ń nu dígí fìtílà. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà gbọ́n púpọ̀: bí wáyà bá já, ìwúwo kan a gbé apá padà sí “dúró”.

Ilé ńkọ́? Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lọ́jọ́ ọdún, ẹnu iṣẹ́ ni yóò ti gbọ́ ìlù.

Ó ti pẹ́ tí fèrè ti dákẹ́ ní ọ̀nà Pobẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ṣe iṣẹ́ yìí, kí ó tètè béèrè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń rí àmì nínú kùrukùru ọyẹ́.