Nígbà tí Agbaṣẹ́ṣe Bá Fi Ilé Sílẹ̀ ní Ìhòòhò

Ní Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, ní àdúgbò Ṣómólú, ilé kan wà tí ọkọ ìyá àgbà kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, kọ́ sílẹ̀ kí ó tó papò dà. Nígbà tí òrùlé rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí jò, tí àjà ń já lulẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyá náà pe agbaṣẹ́ṣe kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ júwe fún un, wọ́n dúnàádúrà títí wọ́n fi fẹnu kò sí ₦4,000,000, ó sì san ₦3,000,000 fún un kí ẹnikẹ́ni tó yọ ìṣó kan ṣoṣo. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́yìn tí àwọn káfíńtà ti ṣí páànù àtijọ́ kúrò pátápátá, tí wọ́n sì ti kan pákó tuntun dé ìdajì, ọ̀gá wọn gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ pé òun ń lọ sìnkú ní Ìbàdàn. “Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti wà lójú ọ̀nà,” ni ó máa ń wí lórí fóònù. Nígbà tí ó yá, fóònù náà kò lọ mọ́.

Nígbà tí mo wọ ibẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe náà ṣì wà lórí ìṣó tí ó fi í kọ́ sí. Àpò símẹ́ǹtì mẹ́ta tí òjò pa ti dì gbagidi bí òkúta, bébà àpò ṣì lẹ̀ mọ́ wọn lára, ìyá náà sì ti sọ ọ̀kan nínú wọn di àpótí ìjókòó. Orí rẹ̀ ni ó jókòó sí nígbà tí ó ń ròyìn fún mi.

Àwa èrò ìwòran a máa yára pe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní olè. Òmíràn nínú wọn, olè ni. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọngílá wa ni ó ń fi owó iṣẹ́ Lágbájá parí iṣẹ́ Tàmẹ̀dò, tí wọ́n ń retí owó ẹni kẹta láti fi padà sọ́dọ̀ Lágbájá, bẹ́ẹ̀ bí ẹni kẹta bá pẹ́ dé, ilé ẹnì kan yóò dúró sínú òjò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, nígbà tí àpò símẹ́ǹtì kan kọjá ₦10,000 ní ibi púpọ̀, ẹni tí ó ti gba iṣẹ́ kí ọjà tó fò kò lè fi owó tí ó gbà ra ohun tí ó ṣèlérí. Àlàyé nìyí, kì í ṣe àwíjàre. Ẹnu ni ó yẹ kí ó fi sọ ọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Àwọn aládùúgbò ní kí ìyá lọ kó ọlọ́pàá wá. Ṣùgbọ́n Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó yẹ àdéhùn nìkan. Àfi bí ó bá hàn pé irọ́ ni ó fi gba owó láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ di jìbìtì. Ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó-gbèsè.

Ohun tí mo rọ ìyá láti ṣe ni kí ó ka ohun tí ó wà nílẹ̀, kí ó sì kà á kí káfíńtà mìíràn tó fi ọwọ́ kan pákó kan, nítorí pé bí ọwọ́ kejì bá ti dé orí iṣẹ́, ta ni yóò mọ èyí tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe? A ya àwòrán yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí àwọn kọ́lékọ́lé ń pè ní QS, ẹni tí ń ṣírò iye iṣẹ́ àti ohun èlò ilé, wá, ó wọn pákó, ó ka ìṣó àti páànù tí ó wà nílẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ àti ohun èlò kò ju ₦1,150,000 lọ. Nítorí náà ₦1,850,000 owó ìyá wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Lẹ́yìn èyí ni a ta tapólì bo ilé, nítorí pé òfin fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹni tí a ṣẹ̀ káwọ́ gbera kí òfò máa gorí òfò.

Ìyá kò ní ìwé àdéhùn kankan. Ṣùgbọ́n àdéhùn ẹnu náà àdéhùn ni lójú òfin, ẹ̀rí rẹ̀ ni ó máa ń ṣòro, owó rẹ̀ sì ti gba báǹkì kọjá, ọ̀rọ̀ wọn lórí WhatsApp sì wà níbẹ̀ gédégbé. Ó kọ lẹ́tà, ó béèrè iye náà gan-an, ó sì dá ọjọ́. Ní Èkó, láti ọdún 2018, kóòtù kan wà lábẹ́ àwọn májísíréètì fún gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ: ènìyàn lè ro ẹjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí lọ́yà, ìlànà rẹ̀ sì fẹ́ kí ìdájọ́ jáde láàárín 60 ọjọ́. Iye tí ó dájú ni ó ń gbọ́, kì í ṣe ìbànújẹ́ ọkàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹnu mọ́ kíkà.

Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ wo ni ó kù láàárín ènìyàn àti ẹni tí ó ṣí òrùlé rẹ̀ sílẹ̀? Síbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí, ìyá kọ́kọ́ lọ sí ilé ìlàjà ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tí kì í gba kọ́bọ̀. Ọkùnrin náà wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó san ₦600,000 ní ọjọ́ náà, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò san ìyókù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ti san ẹ̀ẹ̀mejì.

Káfíńtà tuntun gba owó díẹ̀ nígbà tí pákó pé, ó gba díẹ̀ nígbà tí páànù bo ilé tán, ìyá sì di ìyókù mọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, tí ìyá ti fi ọwọ́ pa gbogbo àjà wò tí kò rí ibi tí ó tutù, ni ó san án.