Ìlà Tó Yà ní Igun Kíṣìnì

Ẹni tó bá wọ kíṣìnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, tó bá jẹ́ pé fọ́míkà ló wà lójú pátákó orí kábíńẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, kó wo igun tí pátákó méjì ti pàdé dáadáa. Á rí ìlà tín-ín-rín kan. Láti ẹsẹ̀ ògiri ni ìlà yẹn ti ń bọ̀ tààrà, àmọ́ tó bá ku bí ìka mẹ́ta kó dé iwájú, ló bá yà, ó gba dígírì 45 bọ́ sí igun gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rẹ́ ẹ̀fọ́ nítòsí ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láì bi ara wọn léèrè ohun tó mú un yà.

Etí pátákó náà ló fà á. Etí yẹn kò gún, róbótó ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Irinṣẹ́ olówó ńlá tí wọ́n ń háyà, pátákó tó ń ṣòfò, èébú tí àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn tún ilé ṣe ń bú igun kíṣìnì, ara etí róbótó yẹn ni gbogbo ẹ̀ ti jáde.

Fọ́míkà fúnra ẹ̀ kò tiẹ̀ bá ti kíṣìnì wáyé. Ní 1912, iléeṣẹ́ Westinghouse ní Pittsburgh lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni Herbert Faber àti Daniel O'Conor ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n sì ń wá ni nǹkan tí iná mànàmáná kò ní lè gba inú ẹ̀ kọjá, kí wọ́n lè fi rọ́pò òkúta máíkà. Rẹ́síìnì ni wọ́n lò, wọ́n fi ooru àti agbára tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n rẹ sínú ẹ̀, ó sì le kankan. Nígbà tó di 1913, wọ́n ti dá iléeṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Cincinnati. Àwọ̀ rẹ́síìnì àkọ́kọ́ yẹn ṣú, kò ṣeé gbé síta fún àlejò wò. Ìgbà tí rẹ́síìnì mìíràn tó ń jẹ́ mẹ́lámáìnì dé ní ìparí àwọn ọdún 1930 ni wọ́n tó lè fi àwọ̀ àti àwòrán tó bá wù wọ́n sójú ẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló wá gba kíṣìnì kan. Lọ́dọ̀ tiwa náà, káfíńtà wo ni kò mọ fọ́míkà, iléeṣẹ́ yòówù kó ṣe é?

Ó tín-ín-rín, kò lè dá dúró, ó ní láti ní pátákó lábẹ́. Pátákó olówó pọ́ọ́kú tó bọ́ sí i ni èyí tí Max Himmelheber gbé ọ̀nà ẹ̀ kalẹ̀ ní Jámánì láàárín àwọn ọdún 1930: èérún igi tí wọn ì bá dà nù ni wọ́n po gọ́ọ̀mù mọ́, tí wọ́n tẹ̀ di pákó. Kíṣìnì tí kábíńẹ́ẹ̀tì ẹ̀ so kọ́ra náà ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Margarete Schütte-Lihotzky, ọmọ ilẹ̀ Austria, ló yà á fún àwọn ilé tí ìlú Frankfurt ń kọ́ ní 1926. Ìsokọ́ra yẹn ló sọ igun di wàhálà. Níbi tí tábìlì bá dá wà, tí kọ́bọ́ọ̀dù náà dá wà, ta ló fẹ́ máa so igun?

Àwọn onífọ́míkà tún wá ṣe irú kan tó máa ń tẹ̀ bí ooru bá mú un. Wọ́n yí i bo iwájú pátákó mọ́lẹ̀, kò tún nílò etí àlẹ̀mọ́ tó máa ń ṣí. Ó dùn ún wò, ó rọrùn láti nù, kò sì sí ibi mímú tí ọmọdé máa forí gbá. Àmọ́ ẹ ti orí pátákó kan tí ẹ gé gbọọrọ mọ́ etí róbótó pátákó kejì, ẹ ò ní í rí i kí wọ́n pàdé. Kòtò á ṣẹ́kù láàárín wọn. Káfíńtà Ìbàdàn tó lẹ fọ́míkà pẹlẹbẹ mọ́ púláíwúùdù kì í bá irú èyí pàdé, torí etí gígún ni tiẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ fi irin àlùmíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ bo àlàfo náà. Irin ọ̀hún ṣì wà lọ́jà, owó ẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí fẹ́ràn ẹ̀, ojú mi kò sì gbà á rí. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n gé pátákó méjèèjì ní dígírì 45 láti igun dé igun. Lórí pátákó tó fẹ̀ ní mílímítà 600, ojú ìgé yẹn á gùn tó nǹkan bíi 850, ó sì gbọ́dọ̀ tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nínú ilé tí ògiri ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gún.

Àwọn agbẹ́kùúta ni wọ́n wá yá ọgbọ́n lọ́wọ́ wọn. Agbẹ́kùúta tó ń ṣe férémù fèrèsé mọ̀ pé bí òun bá gé òkúta ní ìdagun, ṣóńṣó ẹ̀ á fọ́. Inú odindi òkúta kan ló máa ń gbẹ́ igun náà sí, á wá jẹ́ kí òkúta méjì pàdé ní ojú gígún, níbi tó jìnnà díẹ̀ sí igun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe pátákó: ibi tó pọ̀ jù nínú ojú ìgé gún, ìwọ̀nba etí róbótó nìkan ni wọ́n gé ní dígírì 45.

Ayùn ọwọ́ kò lè gé ìyẹn kó mọ́. Ẹ̀rọ ìgégi tí wọ́n ń pè ní ráútà ni wọ́n ń lò, irú èyí tí èèyàn lè tì wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iléeṣẹ́ Elu ti Eugen Lutz ní Jámánì wà lára àwọn tó sọ ọ́ di irinṣẹ́ káfíńtà. Jíìgì ló ń tọ́ ọ sọ́nà, ìyẹn pátákó àwòṣe pẹlẹbẹ kan tí ihò gbọọrọ wà lára ẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ìsọ̀ bíi B&Q, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Southampton ní 1969, ti jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe káfíńtà lè fúnra ẹ̀ ra ohun tó fi ń tún ilé ṣe, jíìgì bọ́ sọ́wọ́ onílé náà.

Ibi tí pátákó ti ń bàjẹ́ ni ọ̀nà tí bíìtì, irin tó ń gé igi lẹ́nu ráútà, gbà wọlé. Bí èèyàn bá wò ó látòkè, bí ọwọ́ aago ni bíìtì ráútà ń yí. Ó gbọ́dọ̀ gba etí róbótó wọlé, kó sì gba ẹ̀yìn, lápá ògiri, jáde. Bó bá gba etí róbótó jáde, á ṣí fọ́míkà ibẹ̀, á hán an, kò sì sí gọ́ọ̀mù tó máa bo àléébù yẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dojú ọ̀kan nínú pátákó méjèèjì bolẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Ẹni tó bá gbàgbé ti pa pátákó mítà mẹ́ta. Bíìtì mílímítà 12.7 ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú rìǹgì mílímítà 30 tó ń gba inú ihò jíìgì, wọn kì í sì í gé ju nǹkan bíi mílímítà 10 lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan pátákó gidi, àjákù ni wọ́n fi ń dán an wò.

Bóòtù mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi fa méjèèjì mọ́ra láti ìsàlẹ̀. Kí ojú wọn lè dọ́gba, wọ́n á ki igi pẹlẹbẹ kéékèèké sáàárín, irú èyí tí Hermann Steiner ṣe ní Switzerland láàárín àwọn ọdún 1950. Omi inú gọ́ọ̀mù ló ń mú igi náà wú tó fi ń fún. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ fi gọ́ọ̀mù tí omi kì í wọ̀ kun gbogbo ojú ìgé, torí pé pákó èérún igi yẹn, bí omi bá kàn án, á wú bí gàárì tí wọ́n rẹ.

Ní báyìí, pátákó elétí gígún ti padà di àṣà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì lè tì í mọ́ra gbọọrọ láì yà á níbì kankan. Àmọ́ ẹni tí kíṣìnì ẹ̀ ti pẹ́, tí omi ti ba pátákó ẹ̀gbẹ́ síǹkì nìkan jẹ́, kò ní wá torí ẹ̀ tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Elétí róbótó náà ló máa rà, á sì lọ háyà jíìgì.