Nígbà Tí Ògbólógbòó Oníjàkadì Bá De Ìgbànú Funfun

Ọ̀rọ̀ ìjà ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjà ìgboro. Ìjà tí a ń fi òfin jà lórí ẹní ni, èyí tí wọ́n ń pè ní jiu jitsu.

Ká ní àbúrò yín kan ń gbé ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, tí ó sì ti ń kọ́ ìjà yìí láti nǹkan bí oṣù 6. Ó san owó ìdíje, ó wọ aṣọ ìjà rẹ̀, ó de ìgbànú funfun tí í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́ ìbàdí. Ẹni tí wọ́n pè jáde láti bá a jà náà de ìgbànú funfun. Ìwúwo wọn kò ju ara lọ, ọjọ́ orí wọn sì sún mọ́ra. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò yín wo etí onítọ̀hún, ó rí i pé ó ti wú, ó ti le, ó sì ká jọ bí ewé tí iná rà. Etí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe etí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ọ̀pọ̀ ọdún tí ènìyàn ti ń fi orí gbún orí, tí ó ń fi etí gbo ẹní, ló ń sọ etí dà bẹ́ẹ̀. Ìgbànú ń sọ pé ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Etí ń sọ pé irọ́ ni. Kí àbúrò yín tó mọ ibi tí yóò di mú, wọ́n ti gbé e lẹ́sẹ̀, ó ti wà nílẹ̀.

Ǹjẹ́ wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, àbí wọn kò rẹ́ ẹ jẹ? Kí a tó dá ìbéèrè yìí lóhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìgbànú náà jẹ́, àti ẹni tí í máa fi í fún ènìyàn.

Ará Japan kan, Jigoro Kano, tí iṣẹ́ olùkọ́ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti jẹ́ tèmi, ló dá ilé ìkọ́jà Kodokan sílẹ̀ ní ìlú Tokyo ní ọdún 1882. Judo ni orúkọ ìjà tí ó ń kọ́ni níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ìgbànú dúdú dá àwọn tó ti mọ iṣẹ́ yà sọ́tọ̀ lára àwọn ọmọ iṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó jáde láti ilé Kano, Mitsuyo Maeda, dé ilẹ̀ Brazil ní 1914. Gẹ́gẹ́ bí ìdílé Gracie ti ń sọ ọ́, òun ló kọ́ Carlos Gracie ní ìjà ní ìlú Belém. Carlos àti àwọn àbúrò rẹ̀, tí Hélio lókìkí jù nínú wọn, gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí Rio de Janeiro. Wọ́n tún un ṣe títí ó fi di pé orí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ibẹ̀ wà.

Nínú jiu jitsu ti Brazil yìí, àwọ̀ ìgbànú àgbàlagbà jẹ́ márùn-ún: funfun, àwọ̀ aró, elésè-àlùkò, búráùn, àti dúdú. Olùkọ́ ni í fi ìgbànú fún akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ìdánwò kan ṣoṣo tí gbogbo ayé jọ ń ṣe. Òfin àjọ tó tóbi jù nínú iṣẹ́ náà, èyí tí à ń pè ní IBJJF, sọ pé àgbàlagbà tó bá de aró yóò lo ọdún 2 ó kéré tán kó tó kúrò níbẹ̀, àfi bí ó bá ti di aṣẹ́gun àgbáyé. Bí ènìyàn bá lo ọdún 10 kó tó de dúdú, ẹnikẹ́ni kò ní bú u pé olódo ni.

Ẹ kíyè sí i dáadáa: ìgbànú ń sọ ohun tí olùkọ́ rí pé akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ lọ́dọ̀ òun. Kò sọ ohun tí ara akẹ́kọ̀ọ́ náà ti mọ̀ kó tó wọlé. Nínú ilé ẹ̀kọ́, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìgbà tí àwọn olùṣètò ìdíje mú ìgbànú yìí kan náà, tí wọ́n ní kí ó máa bá àwọn pín àwọn oníjà sí ọ̀wọ́, pẹ̀lú ìwúwo àti ọjọ́ orí, ni wàhálà dé.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé ni yóò kọ́kọ́ yé. Ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà eré ìdárayá, olùkọ́ eré kì í sọ pé kí gbogbo kíláàsì kejì jọ sáré? Ó mọ̀ pé ọmọ ọdún 8 wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ ọdún 14 tí kò tètè bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé kan náà ni wọ́n ń kà, ẹsẹ̀ wọn kò gùn bákan náà. Nítorí náà ó tò wọ́n sí ìlà, ó wo gíga wọn, ó béèrè ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún 14 náà kò jalè o. Kíláàsì kejì ló wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kíláàsì ń wọn ìwé, kò wọn ẹsẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti oníjàkadì. Ní gídígbò tiwa, bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí, àwọn ènìyàn rẹ̀ á gbé ẹni tó dá a sókè. Nínú ìjàkadì ti Òlíńpíìkì, bí wọ́n bá di èjìká ènìyàn méjèèjì mọ́lẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n nínú jiu jitsu, ìgbà tí ẹ̀yìn bá kanlẹ̀ ni ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ẹni òkè mọ́ra, ó lè fi ọrùn aṣọ onítọ̀hún fún un lọ́rùn, ó lè ká apá rẹ̀ títí tí yóò fi fi ọwọ́ gbá ẹní pé òun túúbá. Bí ẹnìkan bá túúbá, a kò ka máàkì mọ́. Bí kò bá sí ẹni tó túúbá ni máàkì ń ṣiṣẹ́: ẹni tó gbé ẹnìkejì ṣubú gba 2, ẹni tó kọjá ẹsẹ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀ gba 3, ẹni tó gun ikùn rẹ̀ tàbí tó so mọ́ ọn lẹ́yìn gba 4.

Ìjà àwọn àgbàlagbà onígbànú funfun kì í ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Ẹ wá wo ohun tí oníjàkadì yóò fi ìṣẹ́jú 5 ṣe. Láàárín ìṣẹ́jú kan ó ti gbé ọmọ tuntun ṣubú, ó ti gba máàkì 2. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tó kù, kí ó sáà jókòó lé e lórí bí àpò sìmẹ́ńtì. Òfin tilẹ̀ tún ràn án lọ́wọ́ láìmọ̀. Kí àwọn tuntun má baà ṣe ara wọn léṣe, wọn kò gbà kí onígbànú funfun ká ọrùn ọwọ́ ẹnìkejì, tàbí kí ó lọ́ eékún rẹ̀. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú ohun ìjà tí ẹni kékeré ì bá fi dá ẹni líle dúró ni wọ́n fi pamọ́ yẹn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi gbóná ní Amẹ́ríkà ju ibòmíràn lọ ni pé àwọn ilé-ìwé gíríámà ibẹ̀ ń kọ́ ìjàkadì bí tiwa ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀dọ́ tó ju 200,000 lọ ló ń jà á ní ilé-ìwé lọ́dọọdún, àwọn mìíràn sì ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Nígbà tí wọ́n bá jáde, tí kò sí ibi tí wọn yóò ti jàkadì mọ́, ilé jiu jitsu ni ọ̀pọ̀ wọn ń yà sí. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n fi ìgbànú funfun fún wọn. Àwọn àgbà ní adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Àgbà adìẹ yìí kò tilẹ̀ lè sọ pé òun kò mọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé oníjàkadì ti mọ ohun gbogbo. Ní oṣù December 1994, ní ìlú Tulsa ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, Royce Gracie, ọmọ Hélio, pàdé Dan Severn nínú ìdíje UFC kẹrin. Ògbólógbòó oníjàkadì ni Severn, ó sì wúwo ju Royce lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó gbé Royce ṣubú, ó sì wà lórí rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà yóò sọ pé Severn ti borí. Nígbà tó yá, Royce tó wà nísàlẹ̀ fi ẹsẹ̀ méjèèjì ká ọrùn àti apá rẹ̀ pọ̀, ó fún un, Severn sì túúbá. Àṣà kan tún wà lára oníjàkadì: bí ó bá fẹ́ ṣubú, ó máa ń yára yí ikùn kọlẹ̀ kí èjìká rẹ̀ má baà kan ẹní. Níbi tí ó ti wá, ọgbọ́n ni. Nínú jiu jitsu, ẹ̀yìn ni ó gbé fún ọ̀tá yẹn, láti ẹ̀yìn ni wọ́n sì ti ń fún ènìyàn lọ́rùn jù.

Ṣùgbọ́n kí ó kàn kọ́ bí a ti í dáàbò bo ọrùn àti apá, ẹ̀rù rẹ̀ á ba ẹnikẹ́ni. Ìdíje ADCC, tó bẹ̀rẹ̀ ní Abu Dhabi ní 1998, kò pín ènìyàn nípa ìgbànú rárá. Ìwúwo ni wọ́n ń wò, wọn kì í sì í wọ aṣọ ìjà. Mark Kerr, tó gba ipò kìíní nínú ìjàkadì àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ní 1992, gba ipò kìíní níbẹ̀ ní 1999 àti ní 2000. Ní 2019, Nicky Rodriguez, oníjàkadì tí kò tíì lo ọdún 2 nínú jiu jitsu, tí kò sì tíì de dúdú, ṣe ipò kejì láàárín àwọn tó wúwo jù, níbi tí onígbànú dúdú pọ̀ sí bí ewé. Bí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá wà láàárín onígbànú funfun, kí ni a fẹ́ pè é?

Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyàtọ̀ sáàárín ènìyàn méjì. Ẹnìkan wà tó ti tó gba aró, tó tilẹ̀ ti kọjá rẹ̀, tó bẹ olùkọ́ rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun dúró ní funfun díẹ̀ sí i kí òun lè kó mẹ́dà jọ. Ojúkòkòrò ni, kò lórúkọ mìíràn. Oníjàkadì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò lè fún ara rẹ̀ ní ìgbànú, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi aró fún ẹni tí kò mọ bí a ti í jáde nínú ìká apá. Nítorí náà, olùṣètò tó gba owó lọ́wọ́ ẹni méjèèjì, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ má béèrè ohunkóhun, ni mo dá lẹ́bi.

Àwọn kan ti ń béèrè. Àwọn ìdíje kan wà tí kò gbà kí ẹni tó ti de ìgbànú dúdú nínú judo bá onígbànú funfun jà. Àwọn ìdíje tí a kì í wọ aṣọ ìjà mìíràn ń béèrè iye ọdún tí ènìyàn ti fi kọ́ ìjà, wọ́n sì ń ka ọdún ìjàkadì mọ́ ọn. Èyí wù mí, nítorí pé níbi tí kò sí aṣọ láti dì mú, oníjàkadì wà nílé rẹ̀. Níbi tí aṣọ wà, ọrùn aṣọ àti apá aṣọ máa ń dà á láàmú díẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó jàkadì ní gíríámà fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin, kí ó bá àwọn aró jà níbi tí kò sí aṣọ. Yóò ṣẹ́gun àwọn kan, àwọn kan yóò sì fún un lọ́rùn, ẹ̀kọ́ ni. Bí a bá gbé e kọjá aró, òun gan-an ni a rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jà fún yunifásítì tàbí fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá funfun jà rárá, aṣọ wà, aṣọ kò sí. Ẹ wo Odunayo Adekuoroye, ọmọ Yorùbá wa, tó gba góòlù ìjàkadì nínú ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀lì ní 2014, 2018 àti 2022. Bí ó bá wọ ilé jiu jitsu lọ́la, funfun ni wọn yóò fún un, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni nínú yín tí yóò rán ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti kọ́ ọ fún oṣù 6 sí i?

Àwọn kan á ní ìjà ni ìjà, kí ọmọ tuntun lọ kọ́ra. Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tó lè kọ́ ènìyàn bí a ti í dúró lórí ẹsẹ̀ ju oníjàkadì lọ. Nínú ilé ẹ̀kọ́, kí ó bá a jà lójoojúmọ́, olùkọ́ wà níbẹ̀ tí yóò sọ pé ẹ rọra. Lọ́jọ́ ìdíje, kò sí ẹ rọra. Ọmọ tuntun tí kò tíì mọ bí a ti í ṣubú yóò na ọwọ́ síwájú kí ó fi gba ilẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ á sì yẹ̀.

Ìṣòro tó kù ni bí a ó ti mọ̀. Ti Amẹ́ríkà kò le, wọ́n ń kọ ìjà yunifásítì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jàkadì ní abúlé kan ní Dagestan láti ọmọ ọdún 7, ìwé ta ni a ó ṣí wò? Bí ó bá sọ pé tuntun ni òun, tuntun ni yóò jẹ́ títí tí yóò fi dá ènìyàn mẹ́rin ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà yẹn, kí olùṣètò gbé e sókè fún ìdíje tó ń bọ̀, kí ó má dúró de olùkọ́.

Ní ti àbúrò yín ní Houston, kí ó béèrè lọ́wọ́ olùṣètò kó tó sanwó bóyá wọ́n ń ka ọdún ìjàkadì. Bí wọn kò bá kà á, tó sì bá etí kíká pàdé lórí ẹní, kí ó má bá a du òòró. Kí ó di ọrùn aṣọ àti apá aṣọ onítọ̀hún mú ṣinṣin, kí ó sì fúnra rẹ̀ jókòó sílẹ̀. Kí ó má fò mọ́ ọn o, òfin kò gba ìyẹn fún onígbànú funfun. Jíjókòó bẹ́ẹ̀ kò fún ẹnìkejì ní máàkì kankan, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀, níbi tí oṣù 6 rẹ̀ ti wúlò.