Àtìlẹ́yìn Yàtọ̀ sí Ìyípadà Ẹ̀sìn: Àlàyé lórí Dídi Ọmọ Ẹgbẹ́ Alátìlẹ́yìn ní Tẹ́ḿpìlì Híńdù

Ìfáárà

Agboyi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, jẹ́ ìlú etí omi. Láti ìrandíran ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ ojú omi rìnrìn àjò. Wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó bá apẹja wa ọkọ̀ kò di apẹja nítorí pé ó di àjẹ̀ mú. Òye yìí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ lò láti dáhùn ìbéèrè kan: bí ọmọ Yorùbá bá forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alátìlẹ́yìn tẹ́ḿpìlì Híńdù, ṣé ó ti fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ ni? Olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kétu, Ìkòsì tàbí Agboyi lè pàdé ìbéèrè yìí, torí pé Ìlúpéjú, níbi tí ilé-ìwé àwọn ará Íńdíà wà, kò jìnnà sí wọn.

Tẹ́ḿpìlì gẹ́gẹ́ bí ilé àwùjọ

Níbi tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù bá ti jẹ́ àlejò, tẹ́ḿpìlì kì í ṣe ilé ìjọsìn lásán. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní èdè àti ijó, tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó, tí wọ́n sì ti ń pín oúnjẹ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú òrìṣà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pín sàárà. Àpẹẹrẹ kan ni tẹ́ḿpìlì Neasden ní London, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1995. Ọ̀pọ̀ ìdílé Híńdù tó wà ní ìlú náà ló ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé, pàápàá lẹ́yìn tí Idi Amin lé àwọn ará Éṣíà kúrò ní Uganda ní ọdún 1972. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ilé náà. Àwọn ọmọdé pàápàá ṣa agolo ohun mímu tó ti ṣófo láti fi rówó sí i. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Kì í sì í ṣe àjèjì nìkan ló ń ṣe ẹ̀sìn yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọmọ Ghánà ni Swami Ghanananda Saraswati, tí wọ́n bí ní Senya Beraku ní ọdún 1937. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Rishikesh, lọ́dọ̀ Divine Life Society tí Swami Sivananda dá sílẹ̀ ní ọdún 1936. Ní ọdún 1975 ni Swami Krishnananda gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí swami, òun náà sì dá Hindu Monastery of Africa sílẹ̀ ní Accra. Ó wà nídìí iṣẹ́ yìí títí ó fi papò dà ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2016.

Ipò alátìlẹ́yìn

A lè pín àwọn tó ń wá sí irú ilé bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin: àlejò tó wá wòran, alátìlẹ́yìn tó ń dá owó tàbí tó ń fi agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ kíkún tó lè dìbò, àti àwọn alábòójútó tí ohun ìní ẹgbẹ́ wà níkàáwọ́ wọn. Ìwé òfin ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ibi tí ẹ̀tọ́ alátìlẹ́yìn dé.

Ẹnì kan lè fi í wé oyè Bàbá Ìjọ tàbí Bàbá Àdínì. Ìfiwéra náà kò péye. Ẹni tó wà nínú ìjọ ni a máa ń fi irú oyè bẹ́ẹ̀ dá lọ́lá, ní gbangba. Ní ti Híńdù, orí kẹtàdínlógún ìwé Bhagavad Gita pín ọrẹ sí mẹ́ta: èyí tí a ṣe nítorí pé ó tọ́, fún ẹni tó yẹ, láìretí ẹ̀san, èyí tí a ṣe nítorí ohun tí a ó rí gbà padà, àti èyí tí a ṣe pẹ̀lú ẹ̀gàn, ní ibi tí kò yẹ. Àkọ́kọ́ ló dára jù. Ẹni tó ń wá oyè nípa ọrẹ rẹ̀ ti bọ́ sí ìpele kejì.

Bákan náà, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀sìn Híńdù, kò sí ètò kan bí ìrìbọmi tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ jinlẹ̀ ni gúrù ń gbà wọlé. Orúkọ tó wà nínú ìwé owó kò dọ́gba pẹ̀lú ìgbàwọlé yìí. Síbẹ̀, ẹ̀sìn tí onítọ̀hún ń ṣe lè ní ohun tirẹ̀ láti sọ nípa ríran ilé ìjọsìn mìíràn lọ́wọ́. Ó yẹ kí ó béèrè bóyá a lè ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-ìwé tàbí ilé ìdáná.

Ìbẹ̀rù tó yẹ kí a tú palẹ̀

Ní àwọn àgbègbè etí omi, àwọn kan a máa so àwòrán òrìṣà Íńdíà pọ̀ mọ́ Mámì Wọ́tà àti ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ìtàn fi hàn pé àwòrán obìnrin tó di ejò mú, tó tàn kálẹ̀ jù lọ gẹ́gẹ́ bí àwòrán Mámì Wọ́tà, kò ti inú tẹ́ḿpìlì kankan wá. Hamburg ní Jámánì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1880 sí 1890, láti polówó eré obìnrin kan tó ń fi ejò dárà. Ní ọdún 1955 ni wọ́n tún un tẹ̀ ní Bombay.

Ohun tó yẹ kí a bẹ̀rù ni àwọn oníjìbìtì. Kí ènìyàn tó dá owó, kí ó béèrè bóyá ẹgbẹ́ náà ní ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ Corporate Affairs Commission, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2020 tó de ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti là á kalẹ̀. Kí ó ka ìwé òfin ẹgbẹ́, kí ó sanwó sí àpò ẹgbẹ́ ní báńkì, kí ó sì gba rìsíìtì. Ẹni tó bá ṣèlérí ọrọ̀ òjijì tàbí agbára àwámárìídìí fún un kò bá a sọ̀rọ̀ àtìlẹ́yìn.

Iṣẹ́ olùkọ́

Abala 38 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ènìyàn lómìnira èrò àti ẹ̀sìn. Ó sì kà á léèwọ̀ láti fi dandan kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí èyí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Nítorí náà, olùkọ́ lè ṣe àlàyé ẹ̀sìn Híńdù; kò gbọ́dọ̀ wàásù rẹ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ fi ọmọ tí òbí rẹ̀ ń ran tẹ́ḿpìlì lọ́wọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu olùkọ́ lè mú kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kórìíra ilé-ìwé.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ fi hàn pé àtìlẹ́yìn jẹ́ ìbáṣepọ̀ tó ní ààlà. Ẹni tó mọ ààlà náà lè ran aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́ láìṣi orúkọ ara rẹ̀ pè. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè pàdánù owó rẹ̀, tàbí kí ó fi ìfura ba àjọgbé jẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló mọ ọwọ́ tirẹ̀ nínú àgbájọ náà.