Ohun Èlò Pípọn Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún Ẹni tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹni tí ó bá fẹ́ fi àgbàdo rẹ̀ pọn ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò ní láti kọ́kọ́ lọ yá owó. Bí a bá ti rẹ àgbàdo, apẹ̀rẹ̀ àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó láti mú un hù. Ẹní ni a ó fi sá a sí oòrùn, aṣọ funfun mímọ́ ni a ó sì fi sẹ́ ọtí.

Ohun tí a ó fi sè é ni ó gba àròjinlẹ̀. Àgbá irin dára, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ohun tí ó gbà rí. Èyí tí ó gba epo pupa ṣeé fọ̀. Èyí tí ó gba oògùn kòkòrò kò ṣeé fọ̀ mọ́ láéláé. Bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ tà á ní ọ̀pọ̀, ẹ má rà á.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe fi ọtí sílẹ̀ nínú garawa páànù. Kíkan ọtí a máa jẹ sínkì ara rẹ̀, ẹni tí ó bá sì mu ún a máa bì. Ìkòkò amọ̀ àwọn ìyá wa ni ó tọ́, kò sì wọ́n. Aṣọ ni kí ẹ fi bo ẹnu rẹ̀. Ẹ má sì rọ ọtí tí ó ṣì ń hó sínú ìgò kí ẹ dé e pa: afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè bẹ́ ìgò náà mọ́ ẹni lọ́wọ́.