Avro Arrow: Ọkọ̀ Òfurufú Tí Wọn Kò Jẹ́ Kó Dàgbà
Avro Arrow, ọkọ̀ òfurufú ogun tí wọ́n ṣe ní Kánádà láti dènà àwọn ọkọ̀ ajubọ́ǹbù Soviet, kọ́kọ́ fò ní oṣù Kẹta ọdún 1958, eré rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì eré ìró, ìyẹn bí ariwo ṣe ń yára la afẹ́fẹ́ kọjá. Iroquois, ẹ́ńjìnnì alágbára tí wọ́n ń ṣe fún un, kò gbé e fò rí, nítorí pé ìjọba Kánádà lábẹ́ John Diefenbaker, tí ìnáwó iṣẹ́ náà ń ni lára, fagi lé iṣẹ́ Arrow ní oṣù Kejì ọdún 1959. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n gé ọkọ̀ márùn-ún tó ti fò sí wẹ́wẹ́, bí ẹni pé páànù lásán ni. Díẹ̀ nínú àwọn ẹnjiníà rẹ̀ sì lọ bá NASA, àjọ Amẹ́ríkà fún ìwádìí gbalasa òfurufú, ṣiṣẹ́.