Ife Massa, Oyè Talat

Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún 2006, Felipe Massa, ọmọ Brazil, gba ipò kìíní nínú eré ìje ọkọ̀ Formula One ní ìlú Istanbul, lórílẹ̀-èdè Tọ́kì. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Mehmet Ali Talat ni wọ́n ní kó gbé ife fún un, wọ́n sì pè é ní ààrẹ Àríwá Cyprus. Bẹ́ẹ̀, Tọ́kì nìkan ló ka ibẹ̀ sí orílẹ̀-èdè. Láti 1974 ni erékùṣù náà ti pín sí méjì.

Ìjọba Cyprus fárígá. FIA, àjọ tó ń darí eré náà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 5 dọ́là lé àwọn tó ṣètò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dín in kù sí mílíọ̀nù méjì ààbọ̀.

Ohun tó dun àwa tí a fẹ́ràn eré yìí ni pé oyè Talat bo ayọ̀ Massa mọ́lẹ̀. Àwa tí à ń gbé ìlú onílùú mọ bí orúkọ oyè kan ṣe ń dá ìjà sílẹ̀. Kò burú kí èèyàn fẹ́ kí ayé mọ òun, ṣùgbọ́n ọjọ́ ayọ̀ ẹlòmíì kọ́ la fi ń ṣe é.